Àwọ̀ tí kì í ṣí: ohun tí àwọn obìnrin Yúróòpù rí lára aṣọ Íńdíà

Bí ọ̀rọ̀ bá kan chintz, aṣọ òwú olódòdó tí wọ́n ń kó láti Íńdíà lọ sí Yúróòpù láyé àtijọ́, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ọnà ara rẹ̀ ló wọ àwọn obìnrin ibẹ̀ lójú. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Ọnà ọ̀hún gan-an, àwọn oníbàárà ló ń rán àwọn aláró Íńdíà níṣẹ́ rẹ̀: ní 1643, ilé-iṣẹ́ East India Company ti kọ̀wé láti London pé ojú aṣọ pupa ò fi bẹ́ẹ̀ wọ àwọn èèyàn ibẹ̀ lójú, kí wọ́n jẹ́ kí ojú funfun pọ̀ sí i. Aṣọ aláràbarà tó fúyẹ́, tó sì ṣeé fọ̀ léraléra, ni Yúróòpù ò ní. Aṣọ irun àgùntàn wúwo, sẹ́dà kì í fẹ́ omi; ọ̀gbọ̀ ṣeé fọ̀, ṣùgbọ́n aró kì í mú un dáadáa.

Ẹ wo iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe sí i ní etíkun Coromandel ní Íńdíà, lágbègbè Masulipatnam. Wọ́n á kọ́kọ́ rẹ aṣọ sínú wàrà ẹfọ̀n tí wọ́n po mọ́ èso igi kan tó korò, kí ohun tí wọ́n bá yà sí i má baà tàn kálẹ̀. Kálàmù ni wọ́n fi ń yà á. Orúkọ tí àwọn ọmọ ilé-kéú wa mọ̀ náà nìyẹn. Omi álọ́ọ̀mù ló wà lẹ́nu kálàmù yẹn fún ibi tí yóò pupa, ojú kì í sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Ìgbà tí wọ́n bá se aṣọ pọ̀ mọ́ gbòǹgbò ewéko chay ni ibi tí álọ́ọ̀mù kàn yóò pọ́n fòò. Ìyókù, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sá a sóòrùn títí yóò fi funfun padà. Kí wọ́n tó rì í sínú èlú, wọ́n á fi ìda oyin bo ibi tí wọn ò fẹ́ kí aró dé, bí aládìrẹ ẹlẹ́kọ ṣe ń fi ẹ̀kọ bo tirẹ̀. Álọ́ọ̀mù yẹn ni igi lẹ́yìn ọgbà pupa: òun ló so ó mọ́ òwú.

Ọnà ni Yúróòpù tètè rí jí kọ. Wọ́n ti ń tẹ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ní Marseille láti 1648, ṣùgbọ́n bí omi bá kàn án, àwọ̀ á ṣí. Ó di 1734 kí Antoine de Beaulieu, ọ̀gá kan nínú ọkọ̀ ojú omi Faransé, tó dúró ti àwọn aláró ní Pondicherry, tó ń gé aṣọ díẹ̀ pamọ́ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, tó sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ní 1742, Coeurdoux, àlùfáà Jesuit, tún kọ tirẹ̀ ránṣẹ́. Ta ní í fi irú wàhálà bẹ́ẹ̀ lépa òdòdó lásán?

Àwọn kan á ní ọ̀pọ́ ló fà á, pé ìránṣẹ́bìnrin pàápàá lè rà á. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Faransé fòfin dè é láti 1686 títí di 1759; Ìlú Ọba fòfin dè é ní 1701, wọ́n tún mú un le sí i ní 1721. Ní 1719, àwọn ahunṣọ Spitalfields ń fa kaba chintz ya mọ́ obìnrin lára ní ìgboro London, wọ́n sì ń da yíǹkì sí wọn lára. Síbẹ̀, àwọn obìnrin ò yé wọ̀ ọ́. Ní Netherlands, tí kò sófin kankan, àwọn obìnrin Hindeloopen, ìlú àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi tówó wà lọ́wọ́ wọn, ló sọ ọ́ di aṣọ ìlú wọn, aláró òun funfun ni wọ́n fi ń ṣọ̀fọ̀. Kì í ṣe ọ̀pọ́ ni wọ́n ń wá.

Àtakò tó le jù sí ọ̀rọ̀ mi wà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé: lára ọ̀pọ̀ chintz àtijọ́, ewé tó yẹ kó ní àwọ̀ ewé ti di búlúù. Àwọ̀ ìyeyè ni wọ́n máa ń fọwọ́ kùn lé aró kẹ́yìn kí ewé tó jáde, ìyeyè yẹn ò sì lágbára. Ìyeyè lọ, aró ò lọ, òdòdó pupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé náà sì ṣì pọ́n.