Ṣé O Mọ̀? Abẹ́rẹ́ Ibà Ti Wọlé

Ṣé o mọ̀ pé oṣù kẹrin ọdún 2024 ni Bẹ̀nẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà? Ìwọ̀n 215,900 ló kọ́kọ́ dé. Láti nǹkan bí oṣù márùn-ún ni ọmọ ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló sì ń gbà á. Fún ìyá Ṣábẹ̀ẹ́ tó ń gbé láàárín àwọn òkè àti odò Ọ̀pàrà, tó ń lé ẹ̀fọn kúrò létí ọmọ nígbà òjò, ìròyìn ilé ni èyí.

Ṣé o mọ̀ pé láti 1987 ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lórí abẹ́rẹ́ náà, RTS,S? 2021 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tó fọwọ́ sí i. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ti pé ẹni ọdún 34 nígbà náà.

Kí ló fa ìdádúró? Fáírọ́ọ̀sì tó ń fa èéyi, jíìnì mẹ́fà péré ló ní. Kòkòrò ibà ní ju 5,000 lọ! Ó tún ń pààrọ̀ aṣọ: aṣọ tó wọ̀ jáde látinú itọ́ ẹ̀fọn kọ́ ló ń wọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹyọ kan tó bá ráyè wọ ẹ̀dọ̀ lè di ẹgbẹẹgbẹ̀rún kí ó tó jáde ní bí ọ̀sẹ̀ kan. Kí ó tó dé ẹ̀dọ̀ ni RTS,S ti fẹ́ mú un.

Ṣé o mọ̀ pé èèpo igi wà nínú ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ yìí? Igi quillaja, tó ń hù ní Chile, ni wọ́n ti ń rí èròjà tó ń ta ọmọ-ogun ara jí. R21, èkejì rẹ̀ tí àjọ náà fọwọ́ sí ní 2023, ń lo igi kan náà. Àwa tí ìyá wa se èèpo igi lágbo ibà fún, ó yẹ kí èyí dùn mọ́ wa.

Kò dènà gbogbo ibà o. Nínú ìdánwò ńlá tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè méje nílẹ̀ Áfíríkà, ó dín ibà kù ní nǹkan bí 36 nínú 100 láàárín ọdún mẹ́rin. Ṣùgbọ́n níbi tí àwọn ọmọ ti kọ́kọ́ gbà á ní Gánà, Kẹ́ńyà àti Màláwì, ikú ọmọdé lápapọ̀ dín ní 13 nínú 100. Ọmọ ènìyàn ni iye yẹn, mo sì kà á sí ohun ńlá. Síbẹ̀, nẹ́ẹ̀tì kò gbọdọ̀ kúrò lórí ibùsùn.

Ká kúrò lórí ibà díẹ̀, ká wo aràn: ṣé o mọ̀ pé màlúù ti ń gba àjẹsára aràn ẹ̀dọ̀fóró láti 1959?

Aràn tó ń ṣe ènìyàn, bíi ti àtọ̀sí ajá, ńkọ́? Wọ́n dán àjẹsára rẹ̀ kan, Bilhvax, wò lára àwọn ọmọ ilé ìwé ní Sẹ̀nẹ̀gàl. Kò dáàbò bò wọ́n bí a ṣe ń retí. Sòbìà, tí òwe wa kò jẹ́ ká gbàgbé, kò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò ní oògùn. Omi sísẹ́ àti ìṣọ́ra ló lé e lọ. Ní 2009 ni wọ́n kéde pé ó ti tán ní Bẹ̀nẹ̀.

Ká padà sórí ibà, èyí tó ká mi lára jù wá nìyí. Ṣé o mọ̀ pé obìnrin tí ibà ti ń ṣe láti kékeré, tí ara rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, lè tún di ẹni tí ibà ń gbé dè nígbà oyún àkọ́bí? Ibi ọmọ ni ibùba tuntun. Kòkòrò náà á wọ aṣọ kan, VAR2CSA, á fi lẹ̀ mọ́ ibi. Ẹ̀jẹ̀ ìyá á gbẹ, ọmọ á sì kéré nígbà tí wọ́n bá bí i. Tó bá fi máa di oyún kejì tàbí ìkẹta, ara ti ń dá aṣọ náà mọ̀.

Aṣọ yẹn gan-an ni wọ́n fi ṣe abẹ́rẹ́ kan, PAMVAC. Lẹ́yìn Tübingen ní Jámánì, Kútọnu ni wọ́n gbé e wá, sọ́dọ̀ àwọn obìnrin tí kò tíì bímọ rí. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2019: kò pa wọ́n lára, ara wọn sì jí sí i, àmọ́ kò lágbára tó sí oríṣi kòkòrò mìíràn, iṣẹ́ ṣì kù. Àwọn obìnrin wọ̀nyẹn na apá wọn fún abẹ́rẹ́ nítorí ibi ọmọ tí kò tíì sí nínú wọn.