ÌWÉ ÌJỌBA GẸ́GẸ́ BÍ ẸLẸ́RÌÍ ÌTÀN

 

 Ní kíláàsì ìtàn ni ọmọ kan ti bi wá ní ìbéèrè. A ń sọ bí ìjọba Uthmāniyyah ti Istanbul ṣe gbòòrò tó ní nǹkan bí irínwó ọdún sẹ́yìn, ni ọmọ náà bá ní: “Ústáàsì, ta ni ó wà níbẹ̀ tí ó wá sọ fún yín?” Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn rẹ̀ ni a fẹ́ kọ síhìn-ín.

Àwọn àgbà ní bí a kò bá bá ìtàn, a ó bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àrọ́bá a máa rántí ọba àti ogun. Kì í sábà rántí iye tí àgbẹ̀ kan san fún ìjọba lórí oko rẹ̀. Inú ìwé ìjọba ni a ti ń rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ilé tí a ń kó ìwé ìjọba àtijọ́ pamọ́ sí kò ṣàjèjì sí wa. Ọ̀kan wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ti Istanbul wà lára àwọn tí ó tóbi jù lọ ní ayé. Ìjọba tí ó ni ín náà kò sì ṣàjèjì: Sultan rẹ̀, Abdulhamid Kejì, ni ó fi oyè “Bey” dá Mohammed Shitta lọ́lá nígbà tí a ṣí mọ́sáláásí rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1894.

Oríṣi ìwé mẹ́ta ni ó ṣe pàtàkì jù fún ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí àwọn ènìyàn ìjọba náà ṣe gbé ayé ní ìgbà náà.

Èkínní ni ìwé tahrir. Akọ̀wé ìjọba a máa lọ láti abúlé dé abúlé, a kọ orúkọ baálé ilé kọ̀ọ̀kan, a kọ àwọn àpọ́n, a sì kọ owó tí wọ́n gbọ́dọ̀ san lórí irè oko, ọlọ àti ilé oyin. Èyí tí ó pẹ́ jù nínú àwọn tí ó ṣẹ́kù jẹ́ ti ilẹ̀ Albania, ọdún 835 Hijrah, èyí tí í ṣe 1431 sí 1432. Ọ̀mọ̀wé Halil İnalcık ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1954.

Èkejì ni ìwé mühimme, níbi tí wọ́n ti ń da àṣẹ tí ìgbìmọ̀ Sultan fi ránṣẹ́ sí àwọn gómìnà àti Àlùkádì kọ. Igba irú ìwé yìí ó lé ni ó wà nípamọ́. Kí àṣẹ tó jáde nínú rẹ̀, a sábà máa tún ẹjọ́ tí ó dé iwájú ìgbìmọ̀ sọ. Nípa bẹ́ẹ̀, a ń gbọ́ ohùn mẹ̀kúnnù tí ó wá fi ìyà rẹ̀ sùn.

Ẹ̀kẹta ni sijill, ìwé ilé ẹjọ́ Àlùkádì ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Ogún pínpín, gbèsè, títa ilé, yìgì àti ìkọ̀sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti rí i pé àwọn obìnrin ń fi ẹsẹ̀ ara wọn lọ bá Àlùkádì láti gba ogún wọn.

Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí owó ni ìjọba ṣe kọ ìwé tahrir. Àwọn jagunjagun tí kì í san owó-orí kì í sábà sí nínú rẹ̀, orúkọ obìnrin kò sì wọ́pọ̀. Bí orúkọ bá dín kù ní abúlé kan, ó lè jẹ́ ikú, ó lè jẹ́ pé wọ́n sá fún owó-orí. Nítorí náà ni onímọ̀ ìtàn ṣe ń fi ìwé kan wé èkejì, bí adájọ́ ti ń fi ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kan wé ti ìkejì.

Ìwé tí a kọ kì í dá tọ́jú ara rẹ̀. Ní 1846 ni Mustafa Reşid Paşa bẹ̀rẹ̀ ilé ìpamọ́ ìwé fún ìjọba náà. Lẹ́yìn tí ìjọba Uthmāniyyah kásẹ̀ nílẹ̀, Tọ́kì pa kíkọ èdè rẹ̀ ní lẹ́tà Lárúbáwá tì ní 1928. Kò pẹ́ tí àwọn ìwé àtijọ́ fi dà bí pàǹtí lójú àwọn kan. Ní 1931 ni wọ́n wọn ẹrù ìwé púpọ̀ lórí ìwọ̀n, wọ́n sì tà á fún Bulgaria bí ìwé tí kò wúlò mọ́. Àwọn onímọ̀ pariwo, díẹ̀ sì padà, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù wà ní Sofia títí di òní. Ẹni tí ó bá fẹ́ ka apá yẹn nínú ìtàn baba rẹ̀ yóò wọkọ̀ lọ sí ìlú onílùú.

Ẹ má ṣe fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwa fúnra wa ti ra àkàrà tí a wé sínú ìwé tí àáfà àgbà kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ní Lárúbáwá: orúkọ ọkọ, orúkọ ìyàwó, sàdáàkì, ẹlẹ́rìí méjì. Epo ti bo ọjọ́ tí ó kọ síbẹ̀. Àwọn ọmọ ìgbéyàwó náà lè wà láàrin wa.

Nínú Sūratul-Baqarah, āyah 282, Ọlọ́hun pa á láṣẹ kí a kọ gbèsè sílẹ̀, ìbáà kéré, ìbáà pọ̀. Ẹ̀yin ará mọ́sáláásí, ẹ ní ìwé fún yìgì, fún zakat àti fún ilẹ̀ mọ́sáláásí. Ẹ kọ ọjọ́ Hijrah àti ti òyìnbó sí i, kí ẹ sì gbé e síbi tí ikán àti òjò kò ní dé. Ẹ̀yin òbí, bí bàbá bá kú, kí ẹ tó sun àpótí ìwé rẹ̀, ẹ pe ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, lẹ́tà tí ẹ ń kọ́ lórí wàláà náà ni wọ́n fi kọ ìwé Istanbul. Ẹ mú un dáadáa.

Bí ọmọ kan bá wá béèrè lọ́jọ́ iwájú pé, “Ta ni ó wà níbẹ̀?”, kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ìwé wa lè dáhùn. Āmīn.