Rédíò àtijọ́ lè di owó, ṣùgbọ́n ẹ má kàn kì í bọ iná

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí pàǹtí nínú yàrá baba wọn lè di owó lọ́wọ́ ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tún ṣe. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Àwà, Agọ́-Ìwòyè àti Ìjẹ̀bú-Igbó tẹ́ ẹ ń wá iṣẹ́ ọwọ́, ẹ yẹ rédíò onígíláàsì wò, èyí tó gbọ́dọ̀ gbóná kó tó sọ̀rọ̀. Kì í ṣe àpótí Rediffusion tó dé Èkó lọ́dún 1935 là ń wí; wáyà ni ìyẹn fi ń gba ọ̀rọ̀. Eléyìí ń gbá a látinú afẹ́fẹ́, òun ló sì gbòde kí rédíò oníbátìrì kékeré tó dé ọjà lọ́dún 1954.

Ewu ibẹ̀ kò kéré. Iná inú rẹ̀ lè ju fóòtì 200 lọ. Kapasítọ̀ ńlá inú rẹ̀ sì lè tọ́jú iná pamọ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yọ wáyà kúrò lára ògiri. Ó lè pa èèyàn.

Nítorí náà, ẹ má tíì kì í bọ iná. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá bátìrì ló ń lò tàbí iná ilé. Tí kò bá ní táńsífọ́ọ̀mà, tó sì ń lo iná ilé, irin inú rẹ̀ lè gbé iná. Ẹ gbé e fún ọ̀gá tó mọṣẹ́.

Tó bá ní, ẹ fi rísísítọ̀ fa iná inú kapasítọ̀ tán, kẹ́ ẹ sì fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ pààrọ̀ wáyà tó ti gbó, ẹ fi fíúsì sí i. Ẹ pààrọ̀ kapasítọ̀ oníbébà àti àwọn ńlá. Wọ́n wà ní Alábà. Fóòtì tuntun kò gbọdọ̀ kéré sí ti àtijọ́, ẹ má sì ṣi ẹ̀gbẹ́ wọn gbé.

Lẹ́yìn náà lẹ máa tò ó mọ́ gílóòbù 60 tàbí 100 wáàtì lójú wáyà kan náà. Tí gílóòbù bá tàn gidi tí kò sì rẹlẹ̀, wáyà ti kan ara wọn níbì kan. Ẹ pa á. Tó bá tàn díẹ̀ tó wá rẹlẹ̀, ẹ lè máa bá iṣẹ́ lọ. Àmọ́ rédíò ni gílóòbù yẹn ń dáàbò bò, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ wọ bàtà rọ́bà, ẹ fi ọwọ́ kan ṣoṣo ṣiṣẹ́, ẹ má sì dá wà.

Tí oníbàárà bá dé, ẹ má gba gbogbo owó kẹ́ ẹ tó mọ̀ bóyá gíláàsì inú rẹ̀ ṣì dára, torí kò rọrùn láti rí òmíràn rà. Ẹ sọ fún un pé ọ̀pọ̀ irú rédíò yìí kì í gbé FM, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ wa wà. Ẹni tó gbọ́ òótọ́ kó tó sanwó ló máa ń padà wá.