Mọ́tò tó mọ̀ pé wọ́n ń wo òun

Lọ́dún 2015, àjọ EPA ti Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan Volkswagen: ètò kọ̀ǹpútà inú mọ́tò dísẹ́ẹ̀lì wọn ń tan àwọn aláyẹ̀wò jẹ. Orí rólà ni àyẹ̀wò ti ń wáyé: táyà ń yí, sitiárìn dúró gbọin. Ètò náà mọ àmì yìí, á sì dín gáàsì tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ kù. Lójú títì, ó lè tó ìlọ́po 40. Mọ́tò mílíọ̀nù 11 ló ní in.

Ìgbà tí àwọn olùwádìí West Virginia gbé òṣùwọ̀n sínú mọ́tò, tí wọ́n wà á jáde, ni àṣírí bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ẹni tó bá ti gba ohùn sílẹ̀ ní Kambolé mọ ìwà yìí, Labov náà kọ nípa rẹ̀: ẹni tó rí ẹ̀rọ a máa ṣọ́ ẹnu. (Tiwọn kì í ṣe jìbìtì o.) Mọ́tò àlòkù láti Yúróòpù pọ̀ lọ́nà Tchamba sí Sokodé, èéfín ojú títì là ń mí níbẹ̀.