Ẹ̀rù ń ba òṣìṣẹ́, àkọsílẹ̀ ní kò séwu

Ní oṣù kìíní ọdún 2005, àbájáde ìwádìí kan tẹ àwọn ọ̀gá lọ́wọ́ ní ilé-iṣẹ́ ìfọpo BP tó wà ní Texas City, ní Amẹ́ríkà. Àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Èsì wọn ò lọ́ tìkọ̀: ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àjálù ńlá lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, nínú ìwé àkọsílẹ̀, ọdún 2004 ni ìwọ̀n ìfarapa òṣìṣẹ́ kéré jù lọ nínú ìtàn ilé-iṣẹ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèyàn mẹ́ta kú sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún kan náà.

Lọ́jọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 2005, epo ń kún inú àgbá irin gogoro kan, àmọ́ ẹ̀rọ tó ń wọn epo ọ̀hún ń sọ pé ńṣe ló ń lọ sílẹ̀. Aago ìkìlọ̀ tó yẹ kó ké, kò ké. Epo tú jáde, iná sì ràn mọ́ oru rẹ̀. Èèyàn 15 kú, 180 fara pa. Inú àti ìtòsí àwọn ọ́fíìsì alágbèéká tí wọ́n gbé sítòsí ibẹ̀ ni àwọn tó kú wà.

Bíbi òṣìṣẹ́ léèrè báyìí kì í ṣe tuntun. Ní 1980, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Dov Zohar tẹ ìwádìí tó ṣe ní ilé-iṣẹ́ 20 ní Ísírẹ́lì jáde. Ìbéèrè 40 ló lò. Ojú tí àwọn òṣìṣẹ́ rò pé ọ̀gá fi ń wo ààbò wà lára ohun tó wúwo jù nínú ìdáhùn wọn.

Àwọn olùwádìí láti ilẹ̀ Nordic náà ní tiwọn, oníbéèrè 50. Wọ́n ń béèrè níbẹ̀ pé bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ṣé ohun tó fà á ni ọ̀gá máa wá, àbí ẹni tó máa di ẹ̀bi rù? Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Níbi tí wọ́n bá ti ń fìyà jẹ ẹni tó sọ̀rọ̀, ta ló máa kọ òótọ́ síwèé tí ọ̀gá rẹ̀ fúnra rẹ̀ máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀?

Àròpọ̀ ìdáhùn náà lè tanni jẹ. Bí àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì bá ní kò séwu, tí àwọn wẹ́dà ní ewu ń bẹ, tí ẹ bá pò ó pọ̀, á dà bíi pé kò burú.

Lẹ́yìn ìjàǹbá yẹn, ìgbìmọ̀ tí James Baker darí yẹ ilé-ìfọpo BP márààrún tó wà ní Amẹ́ríkà wò, wọ́n sì gbé àbọ̀ jáde ní 2007. Ní Cherry Point, òṣìṣẹ́ fọkàn tán ọ̀gá, wọ́n sì ń sọ tinú wọn. Ní Texas City, Toledo àti Whiting, kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan náà ló sì ni gbogbo wọn nígbà náà.