Ẹ Má Dí Ihò Ìdí Ògiri Yẹn

Gbogbo ìgbà òjò ni irú lẹ́tà yìí máa ń dé: ògiri tó di ilẹ̀ mú lẹ́yìn ilé, tàbí lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀, ti wó, ẹni tó kọ̀wé sì ń béèrè iye àpò síméǹtì tí bíríkìlà jí. Ẹ ti mọ ìpìlẹ̀, ẹ mọ rọ́ọ̀dù, ẹ mọ búlọ́ọ̀kù; mi ò ní fìyẹn gba àkókò yín. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni iṣẹ́ àwọn ihò kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ ògiri náà.

Yanrìn gbígbẹ máa ń di ara rẹ̀ mú. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo rẹ̀ ló fi ń ti ògiri. Omi kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìwúwo rẹ̀ ló fi ń ti ohunkóhun tó bá dúró níwájú rẹ̀, bó bá sì ṣe jìn tó ló ṣe ń tì í tó. Ẹ jẹ́ ká mú ògiri tó ga ní mítà 3. Bí yanrìn ẹ̀yìn rẹ̀ bá gbẹ, agbára tó ń ti mítà kọ̀ọ̀kan nínú gígùn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ju tọ́ọ̀nù 3 lọ. Bí omi bá kún inú yanrìn náà dókè, ó di nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 6. Síméǹtì kò dín, rọ́ọ̀dù kò tẹ́ẹ́rẹ́ sí i. Omi ló wọlé tí kò rọ́nà jáde. Ẹni tó bá sì sọ gíga ògiri rẹ̀ di ìlọ́po méjì ti sọ agbára náà di ìlọ́po mẹ́rin.

Nítorí èyí ni a ṣe ń dá ihò sí i. Ṣùgbọ́n ihò nìkan kò tó. Òkúta wẹ́wẹ́ gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ògiri láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí omi lè gba àárín rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wéré. Aṣọ àsẹ́ tí àwọn ẹ̀ńjíníà ń tẹ́ sínú ilẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ ya òkúta náà sọ́tọ̀ kúrò lára ilẹ̀, kí ẹrẹ̀ má baà dí i.

Ibí yìí gan-an ni àwọn oníjìbìtì ti ń jẹun. Wọ́n á ki páìpù kúkúrú bọ ojú ògiri, kò ní yọ lẹ́yìn. Wọ́n á wá fi amọ̀, àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti òfìfo àpò síméǹtì dí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ dúró tì wọ́n kí wọ́n tó da ilẹ̀ padà. Ẹ ki igi bọ páìpù kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá yọ lẹ́yìn, ẹ má sanwó rẹ̀.

Àwọn onílé náà ń bí mi nínú. Wọ́n á fi síméǹtì dí ihò nítorí pé omi pupa ń ba ọ̀dà jẹ́, tàbí nítorí ejò. Bó bá jẹ́ ejò ni, nẹ́ẹ̀tì irin lẹ́nu ihò ti tó.

Àpótí wáyà tí wọ́n rọ òkúta sí, irú èyí tí àwọn ará Ítálì fi di etí odò Reno mú ní ìparí ọ̀rúndún 19, kò nílò ihò, nítorí omi ń gba gbogbo ara rẹ̀ jáde. Henri Vidal, ẹ̀ńjíníà ará Faransé, gba ìwé àṣẹ lórí ìhùmọ̀ tirẹ̀ ní 1963: ó ń tẹ́ ọ̀já irin sáàárín ilẹ̀ ní ìpele-ìpele. Òun náà, yanrìn tí omi ń là kọjá ló ń lò. Ó wù mí kí n ṣàlàyé bí irin yẹn ṣe ń di ilẹ̀ mú, ṣùgbọ́n òjò ti bẹ̀rẹ̀, ìkìlọ̀ ló kù.

Ẹ lọ wo ògiri yín lónìí. Bí ikùn rẹ̀ bá ti yọ síta, bó bá ti là ní ìbú, tàbí tó ń tẹ̀ síwájú, ẹ kó ọmọdé àti ọkọ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀ kíákíá, kí ẹ tó wá ẹ̀ńjíníà lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi síméǹtì rẹ́ ojú ibi tó là náà. Bí ilẹ̀ ẹ̀yìn ògiri bá rin gbingbin lẹ́yìn òjò ńlá, tí ihò kankan kò sì jò, omi ti há síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá irin gígùn, kí ẹ yọ ẹrẹ̀ inú àwọn ihò náà kí òjò tó tún rọ̀.