Pontiac ní Òṣòdì: Ta Ló Ń Gbọ́ Àròyé Ọlọ́kọ̀?



Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ tó ń gbé ní Ìsọlọ̀ pè mí. Ó fẹ́ ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan, Pontiac Vibe. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ti sọ fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dán an wò! Ilé iṣẹ́ Pontiac ti kú. Níbo lẹ ti máa rí páàtì?" Mẹ́káníìkì rẹ̀ ní tirẹ̀ sì ní, "Ọ̀gá, ẹ di ojú kẹ́ ẹ rà á. Toyota ni, orúkọ ni wọ́n yí padà." Ó wá bi mí pé, "Prof, ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn méjèèjì?"

Mo ní òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ, àmọ́ kò sí èyí tó sọ ọ́ tán nínú wọn. Ibi tí wọn ò sọ dé yẹn sì lè gba ẹ̀mí ènìyàn là. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Ọmọ tó tà ju bàbá lọ

Pontiac ni orúkọ ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà. Orúkọ olóyè kan ni wọ́n fi sọ ìlú náà, ọmọ ẹ̀yà Odawa, lára àwọn tó ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé. Jagunjagun ni, òun ló kó ogun ja àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1763. Ìlú yìí ni wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ mọ́tò kan tó ń jẹ́ Oakland sílẹ̀ ní 1907. General Motors, tí a mọ̀ sí GM, rà á ní 1909.

Ní 1926, Oakland bí ọmọ kan, wọ́n sọ ọ́ ní Pontiac. Ọkọ̀ onísìlíńdà mẹ́fà ni, 825 dọ́là ni wọ́n sì ń tà á, owó tí kò wọ́n rárá fún irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Àwọn oníbàárà ya bò ó. Ọmọ wá ń tà ju bàbá lọ, débi pé nígbà tó máa fi di 1932, Oakland ti wọlé sùn, Pontiac nìkan ló kù.

Àwọn ọdún 1960 ni Pontiac fi jẹ ayé. Ó gbé GTO jáde ní 1964, ó gbé Firebird jáde ní 1967, àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn eré sísá sì ń du ọkọ̀ náà. Àmọ́ nígbà tó yá, GM bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ kan ṣoṣo, wọ́n á sì fi orúkọ Chevrolet, Pontiac àti Buick tà á. Ankárá kan náà ni gbogbo wọn wọ̀, fìlà nìkan ló yàtọ̀. Ní 1984 wọ́n gbìyànjú ohun tuntun, Pontiac Fiero, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn ìjókòó. Ẹ́ńjìnnì àwọn tó kọ́kọ́ jáde ń gbiná, àròyé pọ̀, wọ́n pe ọkọ̀ padà fún àtúnṣe. Nígbà tí wọ́n fi máa tún un ṣe dáadáa, orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́ lọ́jà, wọ́n sì pa á tì ní 1988.

Ní April 2009, GM kéde pé àwọn máa fòpin sí Pontiac. Ní ọjọ́ kìíní oṣù June ọdún náà, GM fúnra rẹ̀ lọ sí kóòtù láti sọ pé gbèsè ti bo òun mọ́lẹ̀. Nítorí náà, àbúrò ìyàwó ò purọ́: ilé iṣẹ́ Pontiac ti kú lóòótọ́.

Okùn tí òṣìṣẹ́ lè fà

Kí wá ni ti Toyota tí mẹ́káníìkì ń sọ?

GM ní ilé iṣẹ́ kan ní Fremont, ní ìpínlẹ̀ California. Ibẹ̀ ò dára rárá. Àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn ọ̀gá kì í gbọ́ ara wọn yé, ọ̀pọ̀ kì í wá síbi iṣẹ́, àwọn ọkọ̀ tó ń jáde níbẹ̀ sì kún fún àbùkù. GM tì í pa ní 1982. Ní 1984, GM àti Toyota da ọwọ́ pọ̀, wọ́n ṣí i padà, wọ́n pè é ní NUMMI. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbà ni àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ yẹn gan-an. Ẹ gbọ́ ná: àwọn ènìyàn kan náà, ilé kan náà. Síbẹ̀ láìpẹ́ láìjìnnà, ọkọ̀ wọn bọ́ sí ara èyí tó dára jù tí GM ń tà.

Kí ló yí padà? Toyota kó wọn lọ sí Japan lọ kọ́ ìlànà tuntun. Nínú ìlànà náà, okùn kan wà lókè orí òṣìṣẹ́. Bí ó bá rí i pé nǹkan kan ò bọ́ sí i dáadáa, kó fa okùn náà. Ọ̀gá rẹ̀ á sáré wá, wọ́n á jọ wò ó, bí kò bá tíì yanjú, iṣẹ́ á dúró. Tẹ́lẹ̀, ohun yòówù kí òṣìṣẹ́ rí, iṣẹ́ ò gbọ́dọ̀ dúró: ọkọ̀ tó lábùkù á kọjá, wọ́n á ní àwọn á tún un ṣe lẹ́yìn. Ní NUMMI, wọ́n ń gbọ́ àròyé kí ọkọ̀ tó kúrò nílé.

Inú NUMMI yìí ni wọ́n ti ṣe Pontiac Vibe láti 2002. Ìbejì rẹ̀ ni Toyota Matrix, tí wọ́n ń ṣe ní Canada. Ẹ́ńjìnnì Toyota ló wà nínú àwọn méjèèjì, gíá wọn kan náà ni, ẹsẹ̀ wọn kan náà ni. Mẹ́káníìkì náà ò purọ́.

Láti Àpápá dé Ládípọ̀

Ọkọ̀ Amẹ́ríkà kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀yin tí ẹ wọ mólùè ní Òṣòdì láyé ìgbà yẹn, ẹ rántí Bedford tí àwọn wẹ́dà kan irin mọ́ lára. Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣe Bedford, àmọ́ GM ló ni ín. Nígbà tí Nàìjíríà sì yí sí apá ọ̀tún títì ní ọjọ́ kejì oṣù April 1972, ọkọ̀ Amẹ́ríkà wá bá òpópónà wa mu, nítorí apá òsì ni sítíá wọn wà.

Lónìí, tí ọkọ̀ bá ti sọ̀ ní Àpápá tàbí Tin Can, òpópónà kan náà ló ń gbé e bọ̀ wá sí Òṣòdì, ó ń gba Cele, ó ń gba Ìyànà Ìsọlọ̀. Lórí òpópónà yìí, bọ́sìtọ́ọ̀pù kan wà tó ń jẹ́ Toyota. Kò sí èyí tó ń jẹ́ Pontiac. Nítòsí ibẹ̀ ni Ládípọ̀ wà, ọjà páàtì tó jẹ́ ti Muṣin ṣùgbọ́n tó fẹ̀gbẹ́ kan Òṣòdì. Ẹ wọ ibẹ̀ kẹ́ ẹ béèrè páàtì ẹ́ńjìnnì Vibe, ti Matrix tàbí ti Corolla ni wọ́n máa gbé fún yín, á sì wọlé. Àmọ́ ẹ béèrè bọ́ńpà, bọ́nẹ́ẹ̀tì tàbí iná iwájú: ti Matrix ò ní bá a mu, torí ara wọn níta yàtọ̀. Ìgbà yẹn lẹ máa mọ̀ pé Pontiac lẹ rà.

Ṣùgbọ́n Toyota náà kì í ṣe ońdè. Ní January 2010, wọ́n pe Vibe 2009 àti 2010 padà pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ Toyota, torí ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ kí ọkọ̀ sáré lè há, kó má padà sókè. Ní oṣù August ọdún kan náà, wọ́n pe Corolla àti Matrix 2005 sí 2008 padà, Vibe náà bá wọn lọ. Bíréènì bọ́ọ̀sì wọn lè sán nínú, kí ẹ́ńjìnnì sì kú lójú títì.

Èyí tó burú jù ni eábáàgì Takata. Ẹ̀tù ló ń fẹ́ eábáàgì jáde. Èyí tí Takata lò, tí ooru àti ọ̀rinrin bá ti ń bá a jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó lè bú gbàmù ju bó ṣe yẹ lọ, kí irin tó bò ó fọ́ sí wẹ́wẹ́, kó máa fò bí ọta ìbọn. Ó ti pa ju ènìyàn 20 lọ ní Amẹ́ríkà nìkan. Vibe wà lára àwọn ọkọ̀ tí wọ́n pè padà nítorí rẹ̀, eábáàgì iwájú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Ẹ jọ̀ọ́, ooru àti ọ̀rinrin, ṣé kì í ṣe Èkó ni mo ń júwe yẹn?

Nígbà tí etí ò gbọ́

Ẹ jẹ́ ká wo òdìkejì ọ̀rọ̀ náà. Pontiac mìíràn wà tó ń jẹ́ G5. Toyota ò fọwọ́ kàn án, GM ló ṣe é, ìbejì Chevrolet Cobalt ni. Ibi tí a ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ lára rẹ̀ rọ̀ jù. Bí ìdì kọ́kọ́rọ́ bá wúwo, tàbí tí táyà bá kó sí kòtò, kọ́kọ́rọ́ lè yí fúnra rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì á kú lórí eré, sítíá á le, eábáàgì ò sì ní jáde bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan.

Àwọn ọlọ́kọ̀ ké. Láti bí 2004 ni àròyé ti ń dé ilé iṣẹ́ náà. Ní 2006, wọ́n tilẹ̀ yí páàtì náà padà jẹ́ẹ́, wọn ò yí nọ́ńbà rẹ̀, èyí tí kò jẹ́ kí àwọn tó ń wádìí mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bọ̀rọ̀. February 2014 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọkọ̀ padà, ó lé ní mílíọ̀nù méjì ààbọ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń san owó ìtùnú parí iṣẹ́, ikú 124 ni wọ́n kà sí i lọ́rùn.

Ilé iṣẹ́ kan náà ló ta Vibe àti G5, orúkọ kan náà ló wà níwájú wọn. Níbi kan, òṣìṣẹ́ fa okùn, iṣẹ́ dúró. Níbì kejì, àròyé wọ inú fáìlì, ó sùn síbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá.

Lẹ́tà tí kò sọdá òkun

Ìpè-padà yìí kì í ṣe àánú. Ní 1965, Ralph Nader kọ ìwé kan tó tú àṣírí àwọn oníṣẹ́ mọ́tò, ó sì bẹ̀rẹ̀ látorí Chevrolet Corvair ti GM. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Amẹ́ríkà ṣòfin pé bí ọkọ̀ bá ní àbùkù tó léwu, ẹni tó ṣe é gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí ọlọ́kọ̀. Ní 1974, wọ́n fi kún un pé ọ̀fẹ́ ni àtúnṣe náà gbọ́dọ̀ jẹ́. Àjọ NHTSA ló ń bójú tó o.

Àmọ́ ọ̀dọ̀ ta ni lẹ́tà náà ń lọ? Ọ̀dọ̀ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà. Bí onítọ̀hún bá ti ta ọkọ̀ náà, tí ọkọ̀ sì ti gba Kùtọ̀nù tàbí Àpápá wọlé, lẹ́tà á máa lọ sí Houston, ọkọ̀ á sì wà ní Ìsọlọ̀. Àwa náà ní FCCPC, tí òfin 2018 gbé kalẹ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe tòkunbọ̀ kọ́ ló tà á fún wa. Àròyé wa sábà máa ń parí sí abẹ́ igi tí mẹ́káníìkì ti ń ṣiṣẹ́ ni.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká lọ bá lẹ́tà náà fúnra wa. Nọ́ńbà kan wà lára gbogbo ọkọ̀, ẹ máa rí i nínú gíláàsì iwájú lápá dírẹ́bà. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni. Bí ó bá jẹ́ Vibe, 5Y2 ló máa fi bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá rí 1G2, Pontiac tí GM ṣe fúnra rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ Toyota tà á fún yín. Ẹ tẹ gbogbo rẹ̀ sórí íkànnì NHTSA. Ọ̀fẹ́ ni, á sì sọ àtúnṣe tí wọn ò tíì ṣe. Ẹ kíyè sí i pé kì í fi èyí tó ti ju ọdún 15 lọ hàn, torí náà ẹ ní kí mẹ́káníìkì yín yẹ bíréènì bọ́ọ̀sì wò bákan náà.

Bí ó bá ní ọ̀rọ̀ Takata wà nílẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, ẹ má sì jẹ́ kí mẹ́káníìkì ojú títì tú u, ẹ̀tù ni. Ẹ má ra eábáàgì Bẹ́ljíọ̀mù láti fi rọ́pò rẹ̀, ẹ ò mọ inú ọkọ̀ tó ti jáde wá. Bí ẹ kò bá tíì sanwó, ẹ wá òmíràn. Tó bá sì jẹ́ G5 lẹ ní, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ kì bọ̀ ọ́, ẹ yọ ti ilé, ti ṣọ́ọ̀bù àti ti géètì kúrò lára rẹ̀. Ohun tí GM fúnra rẹ̀ sọ fún àwọn ọlọ́kọ̀ nìyẹn kí wọ́n tó rí àtúnṣe ṣe.

Mo sọ gbogbo èyí fún akẹ́kọ̀ọ́ mi yẹn. Ó ní, "Prof, mo rò pé ẹ kàn máa sọ pé kí n rà á tàbí kí n má rà á ni." Mo ní kó mú bírò àti ìwé dání. Lánàá, ó pè mí láti ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ náà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní bí òun ṣe ń da nọ́ńbà kọ, ẹni tó ń tà á bi òun bóyá kọ́sítọ́ọ̀mù ni òun. Mo ní kó kà á fún mi. 5Y2 ló fi bẹ̀rẹ̀. Ìyókù la ṣì ń yẹ̀ wò báyìí. Kò tíì sanwó.